Koríko Tó Mọ Ohun Tí Olè Ń Wá

Okùn ni wọ́n fi di ọwọ́ Sàlámì sẹ́yìn nígbà tí wọ́n fà á wọ àgọ́ ọlọ́pàá wa ní Ìlá, ṣùgbọ́n kì í ṣe okùn yẹn ló dùn mí. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn ló dùn mí. Wọ́n ti hú koríko tuntun yẹn tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n wé e mọ́ ọn lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó, òdòdó rẹ̀ tó ti gbẹ sì ń já bọ́ sí i lára, ó funfun, ó fúyẹ́, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn nírùngbọ̀n. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tì í bọ̀ ń kọrin. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú orin náà: "Sàlámì! Sàlámì!" N kò lè sọ bóyá ọkùnrin náà ni wọ́n ń pè tàbí koríko náà, nítorí orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́ nílùú wa nígbà yẹn.

Èmi ni Kọ́pùrù Adéníran. Inú ọyẹ́ la wà, ní ọdún kejì tí ìjọba dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ koríko yìí sì ti sú gbogbo wa. Àwọn bàbá wa kò bá a lóko, àwọn bàbá wọn kò gbúròó rẹ̀. Bí ènìyàn bá gé e lónìí, kí oṣù mìíràn tó lé, ó ti ga ju ẹni tó gé e lọ. Ewúrẹ́ kò jẹ ẹ́. Èkan tí a ti ń bú láti kékeré, òun gan-an ń sá fún un. Ó gba orí ebè, ó gba ojú ọ̀nà, ó gun orí kòkó, ó sì bo àwọn ewé tí Ọlọ́run fi síbẹ̀ kí a tó dáyé mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi kú sínú òkùnkùn. Kò lórúkọ. Ohun tí kò lórúkọ a máa ba ènìyàn lẹ́rù, nítorí náà wọ́n bá a wá ọ̀kan. Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn wọ̀nyí kò wo ilé kankan. Wọ́n wo ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ìlá, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é.

Bàbá Sàlámì ló ti Ọ̀fà wá, ọkọ Ìyádùnní, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ló sì fún un nílẹ̀ ní ọ̀nà Ọmú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tiwọn. Orí ilẹ̀ yẹn ni wọ́n bí Sàlámì sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí. Ní ọjọ́ kejì ni àwọn àgbà yóò jókòó ní kóòtù ìbílẹ̀. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi pé òun ló gbin koríko náà, wọn yóò lé òun àti ìyàwó rẹ̀ kúrò níbẹ̀, kò sì ní fi ojú kan ibojì bàbá rẹ̀ mọ́.

"Ẹ wò ó!" Dàda, olórí àwọn ọ̀dọ́ náà, ju àpò kan sílẹ̀ níwájú mi. "Abẹ́ ibùsùn rẹ̀ la ti fà á yọ. Irúgbìn rẹ̀ rèé. Ó kó o pamọ́ kó lè rí èyí tó máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀."

Mo tọwọ́ bọ inú àpò náà. Nǹkan funfun ni, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò sì yàtọ̀ lójú mi sí èyí tó wà nírùngbọ̀n Sàlámì. Mo mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti parí, mo wí nínú ara mi.

"Níran," ẹnìkan wí lẹ́nu ọ̀nà, "ta lẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ báyìí? Ṣé ìgbéyàwó ni?"

Ọláyọdé ni. Ọmọ Ìlá ni, Òṣogbo ló ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ìyá rẹ̀ ló wá kí. Ọkùnrin gíga ni, ó ní èjí lẹ́nu, orógbó kì í sì í kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kì í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í jáwọ́ nínú yẹ̀yẹ́. Ó mú ẹyọ òdòdó kan nírùngbọ̀n Sàlámì, ó mú ẹyọ kan nínú àpò, ó tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì mi.

"Kí lo rí?"

"Irúgbìn ni, sà."

"Tẹjú mọ́ ọn."

Mo tẹ̀ ba. Inú èyí tó wà nírùngbọ̀n, ohun dúdú tín-ín-rín ló wà níbẹ̀, ó ṣe ṣóńṣó bí ẹnu abẹ́rẹ́. Inú ti àpò, ohun dúdú náà rí rogodo bí ẹyọ iyèré.

"Òwú àràbà lèyí," ni Ọláyọdé wí. "Sàlámì, kí lẹ ń fi í ṣe?"

"Tìmùtìmù ni ìyàwó mi ń fi í rọ, sà. Ó ń tà á."

"Dàda, o fi tìmùtìmù de ènìyàn lókùn. Tú u."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Dàda kò rẹ́rìn-ín. Ó tú okùn náà bí ẹni tí ń bọ́ awọ ara rẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹnu rẹ̀ náà, òwú àràbà ni? Ẹ bi í léèrè ohun tó sọ sí Ìyá!"

Ọláyọdé bu omi fún Sàlámì. Ó dúró tì í títí ó fi mu ún tán.

"Kí lo sọ sí wọn?"

"Mo sọ̀rọ̀ kan, sà."

"Mo gbọ́ pé o sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wo ni?"

Sàlámì wolẹ̀. "Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, Ìyá ká ìyàwó mi mọ́ etí odò, wọ́n ní ewé wọn ló ń jí já. Omi ló lọ pọn. Wọ́n gba ìkòkò lórí rẹ̀, wọ́n fọ́ ọ. Inú bí mi. Mo dúró ní ojú ọ̀nà, mo ní kí igbó gba oko náà lọ́wọ́ wọn."

"Níṣojú ènìyàn?"

"Níṣojú gbogbo ènìyàn."

Kò sí ẹni tí kò mọ ìyókù rẹ̀. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

"Ọ̀gá," ni Sàlámì wí, "ẹni tó bá bínú máa ń sọ ìsọkúsọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba ibojì bàbá mi lọ́wọ́ mi."

Ọláyọdé kò ṣèlérí kankan fún un. Ó ní kí n tì í mọ́lé kí àwọn ọ̀dọ́ má baà lù ú pa, kí n sì gbé kẹ̀kẹ́ mi jáde.

*

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ Ìyádùnní la kọ́kọ́ yà sí. Opó ni, ìyá ìjọ sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìlú ló ń bọ̀wọ̀ fún un. Ọláyọdé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ekuru.

"Dìde, ọmọ Bernice. Ojú rẹ rèé? Ṣé o wá bá wa lé ẹni ibi náà lọ ni?"

"Mo wá gbọ́ tẹnu yín ni, Màmá."

Ó jókòó, ó kó aṣọ rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀. "Ewé eéran etí odò yẹn, ta ló gbìn ín? Kò sẹ́ni tó gbìn ín. Ìyá ọkọ mi bá a níbẹ̀ ni. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń já a tí gbòǹgbò kò fi ní bínú. Kò sí ẹlẹ́kọ kan ní Ìlá tí kò fi ewé mi pọ́n ẹ̀kọ rí. Ewé yẹn ló rán Alfred ọmọ mi lọ sílé ìwé. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí àwọn ẹbí ní kí n fẹ́ àbúrò rẹ̀, ewé yẹn ni mo gbójú lé tí mo fi lè sọ pé n ò fẹ́." Ó nawọ́ sí apá odò. "Ní báyìí, bí mo bá dé etí odò, igbó ni mò ń bá. Bí mo bá gé e kúrò lórí ewé mi, á tún ti bò ó kí n tó padà wá. Ó ń kú lójú mi, Ọláyọdé. Mò ń wò ó, ó ń kú."

Ẹkún gbé e. N kò mọ ibi tí n óò kọjú sí. Ọláyọdé ní tirẹ̀ ń wo ojú rẹ̀, kò bá a sọ pé kó má sunkún. Nígbà tó tó àkókò, ó bi í léèrè ní pẹ̀lẹ́.

"Màmá, níbo lẹ ti kọ́kọ́ rí i?"

"Ìdí obì mi."

"Lóko tiyín?"

"Lóko tèmi, bẹ́ẹ̀ ni. Sàlámì ló yọ́ wá gbìn ín síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo rí i níbi tí mo to igi ìdáná sí lẹ́bàá ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ló gbà dé àárín ewé."

Ó ní kí a má lọ láì mu omi. Kọ́ọ̀pù tánganran olódòdó búlúù ló fi bù ú fún wa. Ọláyọdé yí tirẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bí ẹni tó fẹ́ rà á.

"Eléyìí mà dára o, Màmá."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ tàn díẹ̀. "Alfred ni. Reluwé ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Ẹnúgu. Ó gbé odindi àpótí kan wá fún mi ní Kérésìmesì kan, àwo, kọ́ọ̀pù, gbogbo rẹ̀. Ìkankan ò fọ́."

"Láti Ẹnúgu dé Ìlá, ìkankan ò fọ́?"

"Ọmọ mi mọ nǹkan dì."

Ọláyọdé mu omi náà tán, ó dúpẹ́. Nígbà tí a jáde, mo ní kọ́ọ̀pù ni wọ́n rán an wá wò tàbí koríko? Ó ní níwọ̀n ìgbà tí kì í ti í ṣe òun ló ń san owó oṣù mi, òun kò ní bínú.

*

Oko Sàlámì ni ènìyàn ń kọ́kọ́ kàn bó bá ti Ìlá ń lọ. Ti Ìyádùnní wà lókè rẹ̀, ní apá Ọmú, odò kékeré kan ló là wọ́n láàárín, tí pèrègún tí àwọn àgbà gbìn sì jẹ́ ààlà. A kò rí pèrègún mọ́. Ọwọ́ ni mo fi ń la koríko kí n tó rí orí ọ̀kan, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Ní ẹnu ọ̀nà oko Ìyádùnní, ààlè kan wà lórí ọ̀pá: ìkarahun ìgbín, àjákù ìgbálẹ̀, aṣọ pupa, àti ewé gbígbẹ díẹ̀. Mo yí ojú kúrò, bí wọ́n ti kọ́ mi nílé. Ààlè kì í ṣe ohun tí ọmọlúàbí ń tẹjú mọ́. Ẹni tó bá ń wò ó, kí ló fẹ́ mú?

Ọláyọdé dúró, ó ń wò ó.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká lọ. Wọn kì í wo nǹkan yẹn bẹ́ẹ̀."

"Ta ni kì í wò ó?"

"Ẹni tí kò fẹ́ jalè."

"Olè àti ọlọ́pàá nìkan ló ń wo ààlè lójú, Níran. Iṣẹ́ wa kò jìnnà síra."

Mo pòṣé. A wọlé. Ó já òdòdó gbígbẹ kan, ó gbé e sókè, ó fẹ́ ẹ. Ọyẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e kọjá odò, ó ń gbé e lọ sí oko Sàlámì títí a kò fi rí i mọ́. Ó já òmíràn. Ibẹ̀ náà ló lọ.

"Ìgbà wo ni koríko yìí ń gbó?"

"Inú ọyẹ́ ni, sà."

"Níbo ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá?"

"Òkè Ọya."

"Jẹ́ ká sọ pé Sàlámì gbìn ín sí oko tirẹ̀ kó lè ba ti Ìyá jẹ́. Báwo ló ṣe máa bẹ atẹ́gùn kó yí padà?"

Mo rò ó. "Ìyá ní ó yọ́ wá gbìn ín sórí ilẹ̀ àwọn ni."

"Ó dáa. A óò bi ìyàwó rẹ̀."

Àmínátù, ìyàwó Sàlámì, jókòó síwájú ahéré, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti tú gbogbo ilé náà wò, òwú àràbà fọ́n káàkiri ilẹ̀. Ó ń ṣà á lẹ́yọ lẹ́yọ.

"Ṣé ọkọ rẹ máa ń kọjá sí òdìkejì odò?" ni Ọláyọdé bi í.

"Kò dé ibẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n fọ́ ìkòkò mi, sà. Èmi náà ò débẹ̀. Ta ló máa débẹ̀? Ààlè ló kún ibẹ̀. Ó wà nídìí obì, ó wà lára igi ìdáná, ó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àárín ewé ńkọ́, ó pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rù máa ń bà wá kí òjìji wa má baà bọ́ sí i."

Mo rí i tí orógbó dúró ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọláyọdé.

"Sà," ni obìnrin náà wí, "ṣé ẹ óò dá a padà fún wa lọ́la?"

"N óò sa ipá mi."

A tún odò kọjá. Ọláyọdé ṣáájú mi lọ tààrà sí ìdí obì Ìyá. Ó wá ní kí n ka ibi tí Ìyá ti kọ́kọ́ rí koríko fún òun.

"Ìdí obì. Ibi igi ìdáná. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àárín ewé eéran."

"Orí àpáta ńkọ́?"

"Kò mẹ́nu bà á."

"Àkùrọ̀ tí ó ti ṣá tì lọ́hùn-ún? Ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀pa?"

"Rárá, sà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Kò sí nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni lè jí níbẹ̀." Ó kọjú sí mi. "Níran, koríko wo ló mọ ohun tí olè ń wá?"

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Mo ti gbọ́ ọ láti kékeré, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ti kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì la igbó ìdí obì. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó fa ọ̀pá jíjẹrà kan jáde, okùn ṣì wà lára rẹ̀, ìkarahun ìgbín ṣì so mọ́ okùn náà. Okùn yẹn wé mọ́ igi tín-ín-rín kan. Kò sí ewé lára igi náà mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bá koríko yẹn jà rí tí kò ní dá igi rẹ̀ mọ̀. Èso rẹ̀ ti fò lọ tipẹ́tipẹ́, ó sì ti sọ ìdí obì di igbó.

"Gbogbo ènìyàn ló ń kọjá níwájú rẹ̀," ni Ọláyọdé wí. "Gbogbo yín lẹ sì yí ojú kúrò."

Ìgbà yẹn ni mo gbóòórùn èéfín.

*

Dàda àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n gbọ́ pé ọlọ́pàá ti gbè sẹ́yìn Sàlámì, wọ́n ní kò burú, iná kò mọ ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti apá ìsàlẹ̀ sọ iná sí oko Sàlámì, wọ́n ní àwọn ń wẹ ilẹ̀ mọ́. Wọ́n rò pé bí ọyẹ́ ṣe ń fẹ́, kò lè rékọjá odò. Ṣùgbọ́n koríko yẹn, bó bá gbẹ, epo ló wà nínú rẹ̀. Ó gbiná láti ilẹ̀ dé orí kòkó, iná náà sì ga débi pé ó ń ṣe atẹ́gùn tirẹ̀, ó ń yí síbí, ó ń yí sọ́hùn-ún.

A sáré. Àmínátù ti jáde pẹ̀lú ọmọ àti ẹní kan, ahéré ti wó lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi ewé tútù na iná títí ọwọ́ mi fi bó, n kò rí nǹkan kan ṣe. Iná jó kòkó Sàlámì, ó jó obì tí bàbá rẹ̀ gbìn, ó gun orí ibojì ọkùnrin náà. Ó dé etí odò. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ Ìlá dó, kò sí ẹni tó rí i kí iná jó etí odò yẹn, nítorí ewé eéran kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ. Lọ́jọ́ yẹn koríko ló wà lórí ewé, ó ti gbẹ, ó sì di igi ìdáná fún iná náà. Ó kọjá odò bí ẹni tí ń kọjá lójúde baba rẹ̀.

Ìyádùnní dé nígbà tó kù eérú. Ó rí èéfín láti ìlú, ó fi ẹsẹ̀ rìn wá. Ó kọjá lára gbogbo wa, ó dé etí odò, ó dúró sójú ibi tí ewé rẹ̀ wà. Dàda bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé fún un pé nítorí rẹ̀ ni àwọn ṣe sọ iná. Ó kọ ẹ̀yìn sí i.

Ọláyọdé lọ dúró tì í. N kò fẹ́ kó sọ ọ́. Mo rò pé ó lè fi sílẹ̀ di ọ̀la, di ọjọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n Sàlámì wà ní àtìmọ́lé, ọ̀la sì ni kóòtù.

"Màmá, kí ni Alfred fi há àwọn àwo yẹn láàárín tí wọn kò fi fọ́?"

"Koríko gbígbẹ," ni ó wí, kò wo ẹ̀yìn.

"Níbo lẹ da koríko náà sí?"

"N ò dà á nù. Ó ní òdòdó funfun lórí. N ò rí irú rẹ̀ rí láyé mi, mo bi gbogbo ènìyàn, wọn ò mọ̀ ọ́n. Mo ní ohun tí èmi ò bá mọ̀, olè náà ò ní mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù á bà á. Mo so ó mọ́ àwọn ààlè..."

Ó dákẹ́.

"Ó ṣiṣẹ́," ni ó wí. "Wọn ò já ewé mi mọ́."

Ọláyọdé la ọwọ́. Ìkarahun ìgbín náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, pẹ̀lú okùn àti igi tín-ín-rín yẹn. Ìyádùnní wò ó. Ó wo okùn náà, ó mọ bí òun ṣe ń ta kókó.

"Èmi ni?"

"Atẹ́gùn ni, Màmá."

"Má purọ́ fún mi, ọmọ Bernice."

Ọláyọdé wolẹ̀. "Ẹ̀yin ni, Màmá."

Kò sunkún. Ìbá sàn fún mi ká ní ó sunkún. Ó jókòó sínú eérú pẹ̀lú aṣọ funfun ọrùn rẹ̀, ó ń fi ìka wa ilẹ̀, ó ń wá gbòǹgbò ewé rẹ̀, a kò sì lè gbé e dìde títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀.

*

Ní kóòtù, Ọláyọdé kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Kí ó tó la ẹnu, Ìyádùnní ti dìde. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, láti orí àpótí Alfred dé orí iná, kò fi ohunkóhun pamọ́. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ síwájú Sàlámì, ó kúnlẹ̀. Àgbà obìnrin, ìyá ìjọ, ló kúnlẹ̀ fún ẹni tí òun lè bí. Àwọn àgbà ń pariwo pé èèwọ̀ ni, kí wọ́n gbé e dìde.

Sàlámì fúnra rẹ̀ ló fà á dìde. "Ẹ dìde, Màmá," ni ó wí. "Ẹ̀yin náà ò ní oko mọ́."

Wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ tirẹ̀, ibojì bàbá rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, n kò sì lè gba ọpẹ́ náà, nítorí eérú ni a dá padà fún un. Kí òjò kankan tó rọ̀, ohun tó kọ́kọ́ yọ orí nínú eérú yẹn, kì í ṣe kòkó, kì í ṣe ewé eéran. Ẹ mọ ohun tó jẹ́. Iná kò dé gbòǹgbò rẹ̀. Mo bá Ìyádùnní àti Àmínátù níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, àwọn méjèèjì ń fi ọkọ́ hú u, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀. Gbòǹgbò ewé eéran tó ṣì wà láàyè tí Ìyá rí kò kún igbá kan. Ó ní ẹ̀yìn balùwẹ̀ òun ni òun óò gbìn ín sí, níbi tí omi ń ṣàn sí, bóyá yóò gbà.

Mo sin Ọláyọdé dé ọ̀nà Ire nígbà tó ń padà sí ibi iṣẹ́, torí ó fẹ́ kí ìbátan rẹ̀ kan níbẹ̀. A ń gun kẹ̀kẹ́ lọ jẹ́jẹ́, a kò rojọ́ púpọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lójijì níwájú oko iṣu kan. Ààlè wà lórí ọ̀pá: ìkarahun ìgbín, aṣọ pupa, àti òdòdó gbígbẹ funfun kan. Mo wo iwájú. Ọ̀kan wà ní oko tó tẹ̀ lé e. Ọ̀kan tún wà lọ́hùn-ún, lẹ́yìn odò.

Bàbá arúgbó kan jáde láti inú oko. A dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Bàbá," ni Ọláyọdé wí, "ewé wo lẹ so síbẹ̀ yẹn?"

"Sàlámì ni," ni bàbá náà wí, inú rẹ̀ dùn pé a bi òun. "Ìyá kan ní ọ̀nà Ọmú ló mú un jáde, gbogbo wa la lọ já níbẹ̀. Ó lágbára! Láti ìgbà tí mo ti so ó, olè kan ò yà síbí mọ́."

"Ẹ tú u kúrò, Bàbá. Ẹ sun ún nínú ààrò, kí ẹ jẹ́ kó jó dé eérú. Òun ló ń gba oko lọ́wọ́ àwọn ènìyàn."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ọmọ mi, Sàlámì tó ń gba oko, ara ilẹ̀ ló wà. Èyí wà lórí ọ̀pá. Kí n wá tú u kúrò, kí olè lè ráyè?"

Ọláyọdé ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé atẹ́gùn, ó ṣàlàyé irúgbìn, ó ṣàlàyé àpótí. Bàbá náà ń gbọ́, ó ń mi orí bí wọ́n ṣe ń mi orí fún ọmọ ẹni tó kàwé, ó sì kí wa pé ó dàbọ̀. Ọyẹ́ fẹ́. Nǹkan funfun já kúrò lórí ọ̀pá náà, ó kọjá lórí wa, ó ń lọ sí apá Ìgbájọ.

Ọláyọdé tu orógbó ẹnu rẹ̀ dànù. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ní ààlè kejì, mo rí i tó yí ojú kúrò, bí wọ́n ti kọ́ wa nílé.